Bí fíìmù àtijọ́ ṣe tún hàn ní ilé sinimá ìlú wa, àti owó tó bá a lọ

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ní ojúlówó fíìmù Yorùbá àtijọ́ lọ́wọ́, ẹ má tíì sanwó. Èmi àtàwọn tá a jọ yọ̀ǹda ara wa láti tún máa fi sinimá hàn nílùú wa, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí, sanwó fún oníṣòwò kan. Owó ọ̀hún ju èyí tá a fi yá pùròjẹ́tọ̀ lọ. Fílàṣì ló fi ránṣẹ́. A tan án sára ògiri, ojú àwọn òṣèré ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bíi táìsì. Nọ́ńbà fóònù ẹni tó tà á ń sáré kọjá nísàlẹ̀, ẹnu òṣèré á sì ti pa dé kí ohùn tó jáde. Mo bínú débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Gbígbá gbọ̀ngàn sinimá wa, lílé àdán, dídí ihò páànù, ta ni ò mọ̀ ọ́n ṣe? Ìjọ tó ń lo ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi gbà wá láàyè lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀dà funfun tí kì í dán la fi kun ògiri, torí èyí tó ń dán á máa ta iná padà síni lójú.

Fíìmù gan-an ló fẹ́ẹ̀ sọ wá di wèrè. Láti ìgbà tí fíìmù Àjàní Ògún ti jáde lọ́dún 1976, sí ìgbà tí Ògúndé gbé fíìmù Aiyé jáde, àwọn tó ni iṣẹ́ wọ̀nyí ló ń fúnra wọn gbé e kiri láti ìlú dé ìlú. Wọn kì í fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹ ò rí ohun tójú Bàbá Sàlá aláwàdà rí lórí fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, ní 1982? Kó tó rówó rẹ̀ gbà padà, àwọn olè ti dà á sí fídíò, gbèsè sì wọlé tọ ọkùnrin náà. Fídíò tí wọ́n dà látinú fídíò ló pọ̀ jù nígboro títí dòní, tí wọ́n wá sọ di VCD. Àwòrán VCD ò ju àmì tín-ín-tìn-ìn-tín 352 ní ìbú àti 288 ní gíga lọ. Tẹlifíṣọ̀n kékeré lè gbà á, ògiri sinimá ò lè gbà á láé.

Bàbá tó máa ń yí fíìmù ní gbọ̀ngàn wa láyé ijọ́un ní agolo fíìmù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú wa dùn, a yá ẹ̀rọ àtijọ́, a tún sanwó ọkọ̀ rẹ̀. Bí Bàbá ṣe ṣí agolo báyìí, òórùn fínígà gbá wa nímú. Ooru àti ọ̀rinrin ti ba fíìmù náà jẹ́: ó ti lọ́, ó ti súnkì, ihò etí rẹ̀ ò bá eyín ẹ̀rọ mu mọ́.

"Ọmọ mi, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ o," ni Bàbá wí, "ó máa já."

Wọn ò sì jẹ́ ká dà á nù. Agolo ti padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí ẹni tó ṣe fíìmù mìíràn la ti rí ọ̀nà, àwọn tá a rò pé wọ́n máa dà wá láàmú. Ìwé àdéhùn àti ìpín díẹ̀ ni wọ́n béèrè. Àkọ́bí wọn obìnrin ló rántí téèpù Bẹ́tà, irú èyí táwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń lò nígbà náà, tí bàbá wọn ṣe fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ tó lè kà á di àwátì. Ẹni tá a rí l'Ékòó ní orí ẹ̀rọ òun dọ̀tí, ó tún ní ẹ̀yà kan ń bọ̀ láti òkè òkun, a ń dúró, a ń pè, a ń bẹ̀. Owó tó gbà, ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tá a wá fi fíìmù náà hàn, ẹ̀yin èèyàn mi! Àga ò tó, àwọn kan jókòó sórí bẹ́ńṣì ìjọ, àwọn kan dúró. Ìyá àgbà kan ń sọ̀rọ̀ ṣáájú òṣèré, títí àwọn ọmọ fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tú àṣírí.

Owó ìwọlé ò tó owó dísù tá a rà sí jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá téèpù tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kí ẹ tó wá agolo kankan. Kí ẹ wo ìṣẹ́jú mélòó kan lára ògiri gan-an kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, fóònù ò lè fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sẹ́yìn ilé, torí ohùn inú téèpù àtijọ́ ò lágbára. Wáyà gígùn wọ́n, ẹ yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ òde àríyá.