Bí mo ṣe borí Thunderjaw nínú Horizon Zero Dawn

Thunderjaw jẹ́ ẹ̀rọ ńlá tó rí bí ẹranko nínú eré fídíò yìí. Irin bo ara rẹ̀, ọfà lásán kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé kí o kọ́kọ́ já ohun ìjà rẹ̀ gbà. Fi Ropecaster ta okùn bíi mélòó kan lù ú títí yóò fi wà ní ìdè; okùn kan ṣoṣo kò tó. Lẹ́yìn náà, ta ọfà Tearblast láti inú ọrun Sharpshot Bow sí Disc Launcher méjèèjì, ìyẹn ohun ìjà tó ń ta àwo, tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọfà yìí kì í bú lójú ẹsẹ̀: á lẹ̀ mọ́ irin ná, kó tó tú u dànù. Bí Disc Launcher kan bá já bọ́, gbé e, kí o sì fi yìn ín. Mi ò tíì rí ohun tó ń ṣe é léṣe tó bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n ó wúwo, ìrìn rẹ á falẹ̀, nítorí náà tún ẹranko náà dè kí o tó gbé e.