Àmì Kékeré Tó Gba Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Lọ́wọ́ Mi: Ìrírí Mi Lórí Fọ́ńkíṣọ̀n

12,000 náírà ni wọ́n ní kí n san fún lẹ́ẹ̀sìnnì Ìṣirò oṣù kan ní Kábbà, nígbà tí mo fẹ́ tún ìdánwò WAEC ṣe. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti san 31,000, láìka owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ láti Ìyàrà. Ohun tó dùn mí jù ni pé àmì kékeré kan, ìyẹn −1 tí wọ́n gbé ka orí f, ló jẹ èyí tó pọ̀ nínú owó náà.

N kò ní fi ìbẹ̀rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró. Òfin tó ń gba nọ́ńbà wọlé, tó sì ń fún un ní èsì kan ṣoṣo, ni fọ́ńkíṣọ̀n. Kì í ṣe pé a fi f sọ x di ìlọ́po. Bí Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Swítsálándì, ṣe kọ f(x) ní 1734 ni a ṣì ń kọ ọ́. Ẹni tó bá lè fi 4 rọ́pò x nínú f(x) = 2x + 3, kí ó rí 11, ti kọjá ibẹ̀. Dòméènì, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí a lè fi wọlé, náà kò le: nínú g(x) = 1/(x − 2), 2 nìkan ni kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí a kì í fi òdo pín nǹkan. Ọjọ́ méjì ni mo fi parí èyí, mo sì ń yan fanda láàrin àwọn ọmọdé tí a jọ jókòó.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ wa ní kí a wá f⁻¹(x), èyí tí wọ́n ń pè ní ínfáàsì f. Nítorí pé a ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀ pé x⁻¹ ni 1/x, mo kọ 1/(2x + 3) láìṣiyèméjì. Ó fi bírò pupa fagi lé e, kò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo bèèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Pààrọ̀ x àti y, kí o wá y," bí ẹni ń ka ọfọ̀; y ni èsì tí f(x) ń fún wa. Mo ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ń tọ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo ń ṣe; bí ìbéèrè bá ti yí díẹ̀, mo ti padà sí gbígbé 1 lé nǹkan lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Wọ́n tún wá ní kí n san owó àfikún nítorí pé mo ń fà sẹ́yìn. John Herschel ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo irú àmì yìí nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1813. Ká ní ó wá àmì mìíràn ni, owó mi ì bá ṣẹ́kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà ló tú u. Ó bá mi lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Okun o, àbúrò, kí ló dé?" Mo ṣàlàyé. Ó ní òun kò mọ f, ṣùgbọ́n bí òun bá gbé èrò lọ sí Kábbà, ohun tí òun kọjá kẹ́yìn ni òun yóò kọ́kọ́ bá pàdé bí òun bá ń padà bọ̀. Mo wo 2x + 3 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní àlọ, a fi 2 sọ x di ìlọ́po, kí a tó fi 3 kún un. Ní àbọ̀, ìyẹn ínfáàsì, 3 ni a ó kọ́kọ́ yọ, kí a tó fi 2 pín in: (x − 3)/2. Mo fi 11 wọlé. Mo yọ 3, ó ku 8. Mo fi 2 pín in, ó di 4. 4 àkọ́kọ́ ló padà wálé yẹn! Bí mo bá fi 11 kan náà sínú 1/(2x + 3) tèmi, 1/25 ló ń jáde; kò mọ̀nà ilé rárá.

Láti ibẹ̀ ni x² ti yé mi. 3 di 9, −3 náà di 9. Bí 9 bá ń padà bọ̀, ọ̀dọ̀ èwo ni yóò lọ? Bí owó ọ̀kadà láti ìlú méjì dé Kábbà bá jẹ́ iye kan náà, ẹni tó gbọ́ iye owó nìkan kò lè mọ ìlú tí èrò ti wá. Fọ́ńkíṣọ̀n ni x² síbẹ̀, nítorí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní èsì kan. Àbọ̀ ni kò ní, àfi bí a bá fòfin dè é pé x kò gbọdọ̀ kéré sí òdo. Olùkọ́ náà kàn ní kí a máa wò ó bóyá ìlà ìbú gé gíráàfù lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ ìdí.

Bí mo bá tún un ṣe, nọ́ńbà ni n ó fi máa dán ínfáàsì wò kí n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, n ó sì ní kí wọ́n kọ iye owó lẹ́ẹ̀sìnnì sílẹ̀ kí n tó jókòó. B3 ni mo gbà. Mo gbọ́ pé olùkọ́ náà ti ń fi èsì mi polówó ara rẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.