Ọmọlangidi akọni tí wọ́n tún gbé jáde: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta

Mẹ́ta ni irú ọmọlangidi akọni tí ẹ lè bá pàdé lọ́jà: àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ ṣe láyé ọjọ́un, àtúngbéjáde tí wọ́n fi àṣẹ iléeṣẹ́ kan náà ṣe, àti àyédèrú. Àtúngbéjáde kò lẹ́bi kankan. Kí wọ́n gba iye owó ti àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ ni jìbìtì.

Ọdún tó wà lára rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tàbí ìdí: ẹ ó rí àmì © pẹ̀lú ọdún kan. Ọdún tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sí nìyẹn, kì í ṣe ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Àwọn ọmọlangidi fíìmù Star Wars àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ Kenner ṣe ní 1977 lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1978 ni wọ́n dé ọjà. Láti 2019 ni Hasbro, iléeṣẹ́ tó ni orúkọ Kenner báyìí, ti ń gbé irú wọn jáde padà, lórí páálí tó jọ ti àtijọ́, àmì Kenner sì wà níbẹ̀ gbàgede. Ẹ má fi iwájú páálí ṣèdájọ́. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn páálí ni kẹ́ ẹ kà, kẹ́ ẹ wá orúkọ Hasbro níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ rà á, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya ibẹ̀ nìkan ránṣẹ́. Tó bá ń fi fọ́tò iwájú dá yín lóhùn, ẹ jẹ́ kó máa gbé ọjà rẹ̀ lọ.

Ti G.I. Joe, ọmọlangidi ológun Hasbro tí gíga rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 3¾, tún rọrùn. Ti 1982 kò lè yí apá lókè ìgbọ̀nwọ́. 1983 ni Hasbro fi ìyẹn kún un. Ẹni tó bá ní “ti 1982 ni,” tí apá rẹ̀ sì ń yí lókè ìgbọ̀nwọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì dá owó yín padà sápò.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ìwọ̀nba ni wọ́n ṣe, ẹ béèrè iye. Nígbà míì, àkókò tí wọ́n fi gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ rà á ni wọ́n dín, kì í ṣe iye ọmọlangidi.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni rọ́bà. Nínú ikùn G.I. Joe yìí, òrùka rọ́bà dúdú kan ló so àyà mọ́ ẹsẹ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ kú. Ooru á gbẹ ẹ́, ẹsẹ̀ á máa mì, lọ́jọ́ kan ẹ ó gbé e, ìsàlẹ̀ á já sílẹ̀. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ tẹ́ tówẹ̀lì sórí tábìlì kí sukúrù má bàa yí lọ. Ẹ fi sukudiráfà kékeré tó bá ẹnu rẹ̀ mu gẹ́lẹ́ tú èyí tó wà lẹ́yìn. Ẹ rọra ṣí i, torí pé orí àti apá kàn sinmi láàárín ni. Ẹ ya fọ́tò wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fi rọ́bà tuntun kọ́ ìkọ́ irin tó so ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fà á gba àárín ìbàdí, ẹ gbé e kọ́ òpó tí sukúrù ń wọ̀ nínú àyà. Ẹ dá orí àti apá padà sáyè wọn, ẹ dé e. Tí sukúrù bá ti dúró, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdajì yíyí tẹ́ ẹ bá fi kún un lè jẹ ike inú, lẹ́yìn náà yóò máa yí lásán. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún un ni kẹ́ ẹ rà, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ti páìpù omi lè nípọn jù, ìbàdí kò sì ní yí.

Àtàǹpàkò ọmọlangidi máa ń kán bí ẹ bá fipá ti ìbọn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ ri ọwọ́ náà bọ omi gbígbóná tí ìka yín lè gbà, fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ike rọ̀.

Àdìrẹ Ìtókù máa ń dára lẹ́yìn wọn nínú àpótí gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kàn wọ́n. Aró ń ya, ike rírọ̀ sì ń mu àwọ̀. Bó bá ti wọnú ẹsẹ̀ funfun Stormtrooper, ọmọ ogun aláṣọ funfun inú Star Wars, ọṣẹ kì í yọ ọ́.

Ẹ má kó wọn sókè àjà lábẹ́ páánù, ẹ má sì gbé wọn síbi tí oòrùn fèrèsé ń bà, nítorí ike funfun á pọ́n bí eyín arúgbó. Lásìkò òjò, páálí á mu ọ̀rinrin, á tẹ̀, gọ́ọ̀mù á ṣí. Ẹ fi àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sínú àpótí, ẹ sì gbé àpótí náà jìnnà díẹ̀ sí ògiri. Ẹ má di ike rírọ̀ mọ́ inú ọ̀rá pinpin: òróró inú rẹ̀ á jáde sójú, ara rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bó bá ti ń lẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan àti búrọ́ọ̀ṣì eyín rírọ̀ tó. Kẹrosíìnì àti omi ìyọ-kútẹ́ẹ̀sì, ẹ má sún mọ́ ọn. Ọ̀dà ojú rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bó.