Ọgbẹ́ tó gún ọrùn: bí a ṣe ń fi ultrasound wò ó

Ìgò fífọ́ ni o, gíláàsì mọ́tò ni o, ọta ìbọn ni o, ojú la kọ́kọ́ fi ń wo ọrùn kí próòbù, orí ẹ̀rọ ultrasound tí a ń gbé sára, tó kàn án. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú bí omi ẹ̀rọ, tí wíwú ń gbilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń hó lójú ọgbẹ́, tàbí tí apá kan ara rọ, tíátà iṣẹ́ abẹ ló kàn. Skáànù kò gbọdọ̀ dá a dúró. Ẹ má ti ìka bọ ọgbẹ́, ẹ má sì yọ ohun tó há síbẹ̀.

Bí ara ẹni tó farapa bá balẹ̀, CT (X-ray tó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele) tí wọ́n fi oògùn àwòrán sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ló dára jù. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ní ọsibítù yín, tí ẹ ṣì ń wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí UCH Ìbàdàn, ultrasound á ṣiṣẹ́. Ẹ mú próòbù linear (èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́), megahertz 7 sí 12, kí ẹ fi ọ̀rá àti jẹ́ẹ̀lì tí kò ní kòkòrò bò ó. Bí ẹ bá fura pé eegun ọrùn ti farapa, ẹ má yí orí rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ tí kò farapa lẹ ó kọ́kọ́ wò, kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ gbé próòbù ní ìbú láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé igun párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ní òòró. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lù kìkì ni carotid, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí. Èyí tó ń pẹlẹbẹ bí ẹ bá fi próòbù tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni jugular, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà láti orí. Ẹ rọra o, ẹ̀jẹ̀ dídì tó di ihò iṣan lè ṣí.

Ẹ wá tan àwọ̀ Doppler, tó ń fi àwọ̀ hàn ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí, kí igun tí ìró fi ń pàdé ẹ̀jẹ̀ má ju dígírì 60 lọ. Bí pupa àti búlúù bá ń yí po nínú àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ carotid, iṣan ti ya, ẹran tó yí i ká ló ṣì ń gbé e ró. Awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fì nínú ihò iṣan ni awọ inú iṣan tó ti ṣí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣì í báyìí: àwọ̀ kò hàn, wọ́n ti ní iṣan dí. Ẹ kọ́kọ́ dín scale (òṣùwọ̀n ìyára ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ) kù, kí ẹ yí igun padà.

Afẹ́fẹ́ abẹ́ awọ ni ọ̀tá gan-an. Á funfun báláú, òjìji rúdurùdu á tẹ̀lé e. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wo iṣan. Ẹ má sì kàn bú u: òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé ọ̀nà èémí tàbí ọ̀nà oúnjẹ lè ti lu.

Láti abẹ́ gògóńgò dé igun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ultrasound ti wúlò jù. Lókè àti nísàlẹ̀ ibẹ̀, eegun á bò ó, “a kò rí i” lẹ ó kọ, kì í ṣe “kò sí nǹkan.” Bí ọgbẹ́ bá wà nísàlẹ̀, ẹ wo òkè àyà bóyá ẹ̀dọ̀fóró ń yọ̀ lára ògiri àyà bó ṣe yẹ. Ọ̀nà oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn: ẹni tó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí gbígbé mì ń dùn, endoscopy (kámẹ́rà tí wọ́n ń tì bọ ọ̀fun) tàbí X-ray pẹ̀lú oògùn mímu tó ń yọ́ lómi ló kàn án, kódà bí skáànù bá mọ́ tónítóní.