Bí Ẹ Ṣe Lè Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Láìfún Wọn Ní Nótíìsì, Tí Ẹ Sì Tún Jẹ Wọ́n Lówó

Ní Nàìjíríà, kò sí kóòtù tó máa fipá dá yín padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ ò fẹ́ ṣe mọ́. Owó ni ilé iṣẹ́ yín lè bi yín: owó nótíìsì tí ẹ ò fún wọn àti gbèsè tó kù nínú owó tí ẹ yá lọ́wọ́ wọn. Pípa fóònù kí èèyàn sì pòórá ló ń sọ ọ̀rọ̀ owó di wàhálà.

Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ wá ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín jáde, kí ẹ wo iye ọjọ́ nótíìsì tó wà níbẹ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan, Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ti là á sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 5, oṣù 1 fún ẹni tó ti pé ọdún 5. Ẹ ka ìwé owó tí ẹ yá náà dáadáa. Ó lè ní ìlà kan nísàlẹ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá kúrò ni gbogbo owó di sísan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ká ní owó oṣù yín jẹ́ ₦120,000, ẹ ti lo ọdún kan ààbọ̀, gbèsè ku ₦150,000. Owó nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan (owó oṣù 12 tí a pín sí ọ̀sẹ̀ 52) jẹ́ ₦27,692; tí a bá fi kún gbèsè, àpapọ̀ jẹ́ ₦177,692. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 15 lóṣù yìí, ₦60,000 ni wọ́n jẹ yín. Lábẹ́ Labour Act kan náà, ohun tí wọ́n máa gé nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ìyẹn ₦20,000. Ó ku ₦157,692. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n pé kí ẹ san án ní oṣù 3, ₦52,564 lóṣù kọ̀ọ̀kan.

Kí lẹ́tà yín kúrú: ọjọ́ tí ẹ ń lọ, iye tí ẹ gbà pé ẹ jẹ, bí ẹ ṣe máa san án. Ẹ má kọ ẹ̀sùn ọ̀gá síbẹ̀. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Tó bá ti dé ọwọ́ wọn, ó ti mú. Wọn ò lè ní àwọn ò gbà.

Owó ọjà ilé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe gbèsè o! Ẹni tó bá gbé e lọ, olè ni òfin máa pè é. Ẹ kó o kalẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, káàdì ìdánimọ̀ àti láàpútọ́ọ̀pù. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn láàpútọ́ọ̀pù náà sílẹ̀, ẹ ka ṣájà mọ́ ọn, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i. Orí ṣájà ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò fàyè gba kí wọ́n tìtorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan mú èèyàn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú oníduùró dípò yín. Àmọ́ ilé iṣẹ́ lè pe oníduùró lẹ́jọ́ lórí owó tó fọwọ́ sí, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún.

Ìgbàkigbà tí ẹ bá ń san, ẹ kọ “gbèsè owó yíyá” sí ara tiránsífà náà. Lọ́jọ́ tó bá parí, ẹ gba lẹ́tà pé ẹ ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀ mọ́, kí ẹ sì gba fọ́ọ̀mù oníduùró yín padà fún un.