Ẹ̀jẹ̀ inú àpò ẹ̀wù: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kíka àmínò ásíìdì ẹni tó ní sẹ́písì

Ìgò ẹ̀jẹ̀ kan dé láàbù wa lọ́jọ́ kan nínú àpò ẹ̀wù ẹni tó gbé e wá. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ti fà á, ọ̀sán sì ti pọ́n kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n wo láktéètì, ohun tó máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ bí àìsàn bá le, torí wọ́n fura sí sẹ́písì, ìyẹn ìgbà tí ara bá ń bá kòkòrò jà tó wá ń ba kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ jẹ́. Mo dá ìgò náà padà. Inú nọ́ọ̀sì tó fi ránṣẹ́ kò dùn sí mi. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kì í sùn nínú ìgò: ṣúgà ni wọ́n ń jẹ, láktéètì ni wọ́n ń tú jáde, èsì á sì ga ju ohun tó wà lára aláìsàn lọ.

Àmínò ásíìdì, àwọn búlọ́ọ̀kù tí ara fi ń mọ pròtéènì, tí a tún ń kà lára ẹni tó ní sẹ́písì, tún ṣe ẹlẹgẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Glutamine, ọ̀kan nínú wọn, a máa di glutamate bí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá bẹ́, arginase, èròjà inú rẹ̀ tó ń yí nǹkan padà, á sọ arginine, àmínò ásíìdì mìíràn, di ornithine. Ẹni tó bá ka irú èsì yẹn á ní arginine aláìsàn ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì ló gbẹ sí. Ẹ fi ìgò sínú yìnyín, kí ẹ gbé e wá kíákíá. Bí oúnjẹ dríìpù bá sì ń wọ apá ọ̀tún, apá òsì ni kí ẹ ti fa ẹ̀jẹ̀. Mi ò ní sọ iye ìgbà tí mo ti rí òdìkejì rẹ̀.

Ká ní ẹ̀jẹ̀ dé ní pípé, àṣìṣe tó kù ni kí èèyàn mú nọ́ńbà kan ṣoṣo kó fi dájọ́. Ní ọdún 1979, Herbert Freund, Josef Fischer àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ jáde pé phenylalanine, tyrosine àti àwọn àmínò ásíìdì tó ní imí-ọjọ́ nínú ga lára àwọn tí sẹ́písì pa ju ti àwọn tó yè lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ara ń tú ẹran ara rẹ̀ palẹ̀, ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó gbọ́n phenylalanine nù sì ti rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti gan láti ọjọ́ pípẹ́ lè ní irú èsì kan náà láìsí kòkòrò kankan lára rẹ̀. Citrulline, àmínò ásíìdì mìíràn, tún nìyẹn: ìfun ló ń ṣe é, kíndìnrín ló ń lò ó. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ìfun ti fara gbá. Bí kíndìnrín bá dáṣẹ́ sílẹ̀, citrulline á ṣù jọ, á sì dà bíi pé ìfun dára. Ẹ wo creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé bí wọ́n bá ti rí i pé nǹkan kan lọ sílẹ̀, wọ́n á sáré dí i. Wọ́n á ní: àwọn tí glutamine wọn kéré máa ń kú jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fún wọn ní glutamine. Ó bọ́gbọ́n mu létí. Wọ́n dán an wò nínú ìwádìí REDOXS tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013, pẹ̀lú aláìsàn 1,223 ní ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ní Kánádà, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn tí ẹ̀yà ara wọn méjì ó kéré tán ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó gba glutamine ló kú jù ní ilé ìwòsàn, àwọn náà ló sì kú jù títí di oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn díẹ̀ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, glutamine ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ lọ sílẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má dúró de èsì kankan kí ẹ tó gbé aláìsàn dìde. Ara kò ní láti gbóná: arúgbó àti ìkókó lè tutù pẹ̀lú sẹ́písì. Bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí kò tọ̀ láti àárọ̀, ẹ má pè é ní ibà lásán, ẹ má sì lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ìlànà àgbáyé ti 2021 lórí ìtọ́jú sẹ́písì ní bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti já wálẹ̀ nítorí sẹ́písì, kí oògùn apakòkòrò wọ ara rẹ̀ láàárín wákàtí 1. Nọ́ọ̀sì tó bínú sí mi yẹn ti fi oògùn náà sí aláìsàn lára kó tó rán ìgò sí mi. Òun ló mọ iṣẹ́ jù láàárín àwa méjèèjì.

Ìlànà kan náà fọwọ́ sí àyẹ̀wò tí kò béèrè iná mànàmáná, tí dókítà àti nọ́ọ̀sì fi ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ orí ìka aláìsàn títí yóò fi funfun, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ tú u sílẹ̀. Bí pípọ́n rẹ̀ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ kó tó padà, ẹ̀jẹ̀ kò tíì máa dé ibi tó yẹ kó dé.