Bí mo ṣe wá ìdí tí ajá mi fi ń lá ọwọ́ lá ẹsẹ̀ tọ̀sán-tòru

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá nílé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bójú tó ọ̀rọ̀ lílá yìí, torí ó ń da ọ̀pọ̀ ajá láàmú tí àwọn tó ni wọ́n ò sì kà á sí nǹkan kan. Tanímọ̀la lajá mi ń jẹ́, abo ni, àdàpọ̀ Alséṣàn àti ajá ìbílẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun. Funfun yẹn ló jẹ́ kí n tètè rí i, torí nǹkan kan wà nínú itọ́ ajá tó máa ń sọ irun funfun di pupa rúsúrúsú tó bá ti ń lá ojú kan náà léraléra. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ o, itọ́ ni.

Àwọn ará ilé ní bí ajá ṣe ń ṣe nìyẹn. Lóòótọ́ ajá máa ń lá ara, tó bá jẹun tán, tó bá ti inú ẹrẹ̀ dé, kò sí wàhálà níbẹ̀. Àmọ́ èyí tí mo bá pè lórúkọ tí kò gbójú sókè torí pé ó ń lá ọwọ́, tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀ á jẹ díẹ̀ á tún padà sídìí ẹ̀, tó tún wá di pé láàárín òru ìró ahọ́n ẹ̀ la máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ti kọjá ìmọ́tótó. Nǹkan ń jẹ ẹ́ lára ni.

Mi ò fi oògùn kankan pa ara ẹ̀ o. Mo kọ́kọ́ ń wò ó ni, mo sì ń kọ ohun tí mo bá rí sínú fóònù: ibi tó ń lá, àsìkò wo, kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán. Ibi tí ajá bá ń lá ló máa ń sọ ibi téèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ajá tí kòkòrò afòfẹ̀rẹ̀ inú irun, ìyẹn flea, ń jẹ, ìdí ìrù àti ìbàdí ló sábà máa ń gé jẹ. Ajá tó ti dàgbà tó wá dojú kọ oríkèé kan ṣoṣo, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé egungun ibẹ̀ ló ń ro ó. Èyí tó ń lá ihò ìdí, tó tún ń wọ́ ìdí nílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn àpò kéékèèké méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí ló kún. Ti Tanímọ̀la, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń lá, ó tún ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha etí, ó sì máa ń le sí i lẹ́yìn oúnjẹ àti lóru. Ọwọ́, ẹsẹ̀ àti etí tó bá para pọ̀ báyìí, ó jọ álájì, ìyẹn pé ara ẹ̀ kọ nǹkan kan.

Mo wá dá a dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tan iná fóònù, mo ń ya ọmọ ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kánjú níbí yìí, torí inú kòrọ̀ yẹn leégbọn máa ń sá sí, ẹ̀gún náà máa ń há síbẹ̀. Mi ò rí eégbọn, mi ò rí ẹ̀gún, ṣùgbọ́n awọ àárín ọmọ ìka pọ́n, ó tutù, nǹkan dúdú kan tó ń yọ̀ bí ọ̀rá wà ní ìdí èékánná, ó sì ń rùn bí omidùn tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo tún fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń yọ iná orí ya irun ìbàdí ẹ̀, mo gbọn ohun tó jáde sórí tíṣù funfun tí mo fi omi rin. Tí ìdọ̀tí dúdú yẹn bá yọ́ tó di pupa, ìgbẹ́ kòkòrò afòfẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí ẹ̀jẹ̀ ajá ló ń mu. Tiwa ò pọ́n, erùpẹ̀ lásán ni. Ká ní ó pọ́n ni, ilé gan-an ni ǹ bá kọ́kọ́ gbá mọ́, màá sì fọ gbogbo ohun tó ń sùn lé, torí èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò yẹn, ẹyin àti ọmọ ẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni, èyí tó wà lára ajá kò tó nǹkan.

Ibẹ̀ ni landlọ́ọ̀dù wa ti rí wa, wọ́n ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ ajá yìí náà ló ń dà ẹ́ láàmú? Lọ gba ẹ́ńjìn ọ́ìlì tí wọ́n ti lò lọ́wọ́ mẹkáníìkì, fi pa á lẹ́ẹ̀kan." Mo ní, "Ẹ ṣé sà, ẹ kú àánú wa. Àmọ́ sà, ajá tó ń lá ara ni, gbogbo ohun tí mo bá fi pa á, inú ikùn ẹ̀ ló ń lọ." Bàbá rò ó wò, wọ́n ní òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí nìyí. Ẹ́ńjìn ọ́ìlì, kẹrosíìnì, Dettol tí wọn ò fomi là, gbogbo ẹ̀ ń bó ajá lára, tó bá sì lá a, ó tún di májèlé inú. Èyí tó burú jù ni oògùn aáyán olómi tó ní dichlorvos nínú tí àwọn kan ń pò mọ́ omi ìwẹ̀ ajá. Iṣan ara ni oògùn yẹn ń kọlù, itọ́ á máa dà lẹ́nu ajá, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú. Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré 100ml irú oògùn bẹ́ẹ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ gan-an tí mo bá gbọ́ pé ajá kan kú torí pé wọ́n ń tọ́jú ara yíyún.

Mo gbé ohun tí mo kọ lọ bá dókítà ẹranko. Wọ́n lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ àárín ọmọ ìka ẹ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ kan, wọ́n wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Wọ́n tún fi abẹ ha awọ ẹ̀ díẹ̀ láti wá kòkòrò èkúkú, kò sí. Mo béèrè abẹ́rẹ́ ivermectin tí gbogbo èèyàn ń gbà fún ajá, wọ́n ní kí la fẹ́ fi pa nígbà tí a ò rí kòkòrò, pé oògùn yẹn sì lè wọ ọpọlọ àwọn ajá kan, pàápàá Collie àti àwọn tó bá a tan. Wọ́n bi mí bóyá ó ń lá ilẹ̀ tàbí ògiri náà. Mo ní rárá. Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀, ìyẹn lè jẹ́ inú ló ń rìn ín. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Montreal ní Kánádà, tó jáde ní 2012, ajá 19 tó ń lá ilẹ̀ lálàjù ni wọ́n yẹ̀ wò, 14 nínú wọn ló ní àìsàn inú.

Ohun tí wọ́n rí lára tiwa ni Malassezia. Kòkòrò àìrí kan tó jọ ìwúkàrà ni, ara gbogbo ajá ló wà, àmọ́ tí awọ bá ti ní ìpalára, tó tún ń tutù torí itọ́, á gbilẹ̀. Á wá máa yún un, á máa lá a, ibẹ̀ á tún máa tutù sí i. Dókítà ní ká kọ́kọ́ pa ìyẹn, ká tó wá ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Ṣaḿpù tó ní chlorhexidine àti miconazole, àwọn oògùn tó ń pa irú kòkòrò àìrí bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fún wa, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àṣírí ẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ wà lára fún ìṣẹ́jú 10 kéèyàn tó ṣàn án. Ìṣẹ́jú 10 yẹn pẹ́ lọ́wọ́ ajá o! Mo jókòó lórí àpótí, mo ti ọwọ́ ẹ̀ bọ abọ́ rọ́bà, mo ń ra etí ẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀, aago fóònù ń kà. Lẹ́yìn náà, táwẹ̀lì, àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, títí á fi gbẹ pátá, torí tó bá tutù iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́. Kó má baà lá a, mo gé ìdí garawa rọ́bà kékeré kan kúrò, mo fi aṣọ wé etí ibi tí mo gé kó má gé e lọ́rùn, mo so ó mọ́ kọ́là ẹ̀. Ó ń kọ lu ilẹ̀kùn níbẹ̀rẹ̀, ó mọ́ ọn lára nígbà tó yá. Ní àsìkò oúnjẹ mo máa ń bọ́ ọ.

Lílá dín kù, òórùn lọ, àmọ́ kò tán. Ó wá ku oúnjẹ. Orí adìẹ àti ẹsẹ̀ adìẹ pẹ̀lú ìrẹsì ni Tanímọ̀la ti ń jẹ láti kékeré, oúnjẹ téèyàn sì ti ń jẹ tipẹ́ gan-an lara lè wá kọ̀. Dókítà ní ká fún un ní ẹran tí kò jẹ rí láyé ẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 8, láìsí nǹkan míì. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ àti iṣu la mú, láìsí alùbọ́sà torí májèlé ni fún ajá, pẹ̀lú ìyẹ̀fun kálísíọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa, torí ẹran àti iṣu nìkan ò pé. Ilé tí wọn kì í mú ẹlẹ́dẹ̀ wọlé lè lo ehoro, owó ẹ̀ ló kàn gùn.

Ẹran ò le tó èèyàn. Bíṣíkíìtì àwọn ọmọ, egungun tí Màmá máa ń jù sílẹ̀ fún un, ẹyọ kan péré tó láti da gbogbo ẹ̀ rú. Mo kúnlẹ̀ bẹ Màmá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, egungun adìẹ yẹn la fura sí." Wọ́n ní ṣé kí ajá wá máa wo àwọn lẹ́nu ni. A fẹnu kò sí i pé kí wọ́n máa bu lára iṣu ẹ̀ fún un fúnra wọn, inú wọn dùn sí ìyẹn, àwọn ló tún wá ń lé àwọn ọmọ.

Ṣáájú kí àsìkò náà tó pé, irun funfun tuntun ti ń hù láti ìdí, òru sì ti dákẹ́. A wá dán an wò: mo dá adìẹ padà, adìẹ nìkan. Kò tíì pẹ́ rárá tó tún fi dojú bo ọwọ́, etí náà tún pọ́n. Mo yọ adìẹ kúrò, ó rọlẹ̀. Ibẹ̀ lọkàn mi ti balẹ̀ pé adìẹ ni, torí láìdá a padà, ẹnì kan á ní ṣaḿpù ni, ẹlòmíì á ní ojú ọjọ́ ló yí.

Ní báyìí adìẹ ti di èèwọ̀ fún un. Tó bá ti inú ẹrẹ̀ wọlé, mo máa ń fi omi ṣan ẹsẹ̀ ẹ̀, màá sì nù ún gbẹ. Ẹran màlúù ló kù tí dókítà ní ká dán wò, òun nìkan náà, kí n lè mọ̀ bóyá ó lè máa jẹ ẹ́, torí owó ẹlẹ́dẹ̀ lójoojúmọ́ kì í ṣe kékeré. Tá a bá ti bẹ̀rẹ̀, màá wá sọ bó ṣe lọ.